Ìyá Tún-un-kà àti "Àwọn" Tí Kò Bi Léèrè

Mo fi ọjọ́ orí mi búra, mo sì fi ojú mi méjèèjì tí ó ṣì ń ka ìwé láìlo awò búra: kò sí irọ́ nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, bó ti wù kó kéré mọ. Èmi kò jókòó sí kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ gíga kankan rí. Èmi ni mo kọ́ ara mi níwèé, mo sì kà á débi pé àwọn tí wọ́n ní oyè lẹ́yìn orúkọ ń wá bi mí bí wọ́n ṣe ń to gbólóhùn. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kí ó kọ́kọ́ kà á tán.

Obìnrin kan wà tó jẹ́ olóòtú jọ́nà. Jọ́nà ni ìwé tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń gbé ìwádìí wọn sí, kí àwọn ẹgbẹ́ wọn níbi gbogbo lè kà á, kí wọ́n sì fọkàn tán an. Ti ìṣègùn ni tirẹ̀. Ohun tó bá tẹ̀ jáde lónìí, dókítà kan tí kò mọ̀ rí lè fi tọ́jú aláìsàn lọ́la, ìdí nìyẹn tí kì í fi iṣẹ́ náà ṣeré. Àwọn ènìyàn ti gbàgbé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ìyá Tún-un-kà ni gbogbo wọn ń pè é, nítorí kò sí àpilẹ̀kọ tí wọ́n gbé dé iwájú rẹ̀ tí kò ní sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí n tún un kà."

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Atẹ̀wé ni bàbá rẹ̀, láyé tí wọ́n ń fi òjé to lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Òjé yẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń wá síwájú, bí ojú inú dígí. Inú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ ìwé kíkà, kò sì tíì ká eyín ọmọdé nígbà tó ti ń ka ìwé tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò láti òdìkejì tábìlì. Bó ṣe dàgbà, àṣìṣe tó bá lúgọ sójú ìwé, bó bá ti gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ńṣe ló máa ń gbọ̀n. Mo ti rí kọ́mà kan tó fúnra rẹ̀ kúrò níbi tí kò yẹ kó wà.

Ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè pátápátá, níbi tí àtẹ̀gùn parí sí. Tábìlì kan, pẹpẹ ìwé tó ti tẹ̀ láàárín bí ẹ̀yìn ẹṣin arúgbó, fáànù tó ń ké bí ó ti ń yí, àti àga àlejò kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú ju ti ìyókù lọ. Kò jẹ́ kí wọ́n tún àga náà ṣe. Ó ní òǹkọ̀wé tó bá ń mì lórí àga kì í pẹ́ kó tó sọ òótọ́.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí. Bí àpilẹ̀kọ bá dé, yóò yọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ kúrò, yóò sì fi ránṣẹ́ sí ọ̀mọ̀wé méjì tí wọ́n mọ ẹ̀ka ìmọ̀ náà, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò láìmọ ẹni tó ni ín. Bíbo orúkọ ni wọ́n ń pè é. Ó ní bí ojú bá ti rí orúkọ, kò ní rí iṣẹ́ mọ́. Bó bá jẹ́ ọ̀tá, yóò rí àbùkù tí kò sí, bó bá jẹ́ ọ̀rẹ́, yóò fo èyí tó wà. Ṣùgbọ́n òun olóòtú kò ní ẹni tí yóò bo orúkọ fún òun. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọlé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà tí wọ́n ń pè ní Baba Ojú, nítorí ojú ló ń tọ́jú. Mo fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ, ìyẹn ni n kò fi ní pè é ní 'wọ́n' nínú ìwé mi. Ọkùnrin náà tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́. Ọ̀pọ̀ dókítà ojú tí ẹ bá rí, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti jáde. Òun ló dá jọ́nà sílẹ̀, òun ló sì kọ́ Ìyá Tún-un-kà ní iṣẹ́ olóòtú. Nígbà tí bàbá obìnrin náà kú, òun ló dúró nípò bàbá lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Kò bí i, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ pé ọmọ rẹ̀ kọ́.

Baba Ojú kọ àpilẹ̀kọ kan lórí oògùn tí wọ́n ń kán sójú àwọn tí omi inú ojú wọn ń le jù, àìsàn tí kì í dunni, tó kàn ń jí ìríran lọ díẹ̀díẹ̀ bí olè tí kò kánjú. Ó ní oògùn náà ń dá a dúró. Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n yìn ín. Ó wá kan Ìyá Tún-un-kà. Ó ṣí i, ó rí bí gbólóhùn ṣe ń rìn, ó mọ ẹsẹ̀ tó ń rìn ín, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ sí i. Ìyẹn nìkan ni àpilẹ̀kọ tí kò tún kà.

Ìwé jáde, ìyìn gbòde. Ní ọjọ́ kan, dókítà kan pè é lórí fóònù láti ìlú mìíràn. Ohùn rẹ̀ dàgbà, ó sì rọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìbéèrè kan ni mo ní lórí oògùn ojú tí ẹ gbé jáde. Ojú mélòó lèèyàn ní níbi tiyín?"

"Kí lẹ ń sọ, sà?"

"Níbi tiwa, méjì ni, ọ̀kan kì í sì í ṣe bí èkejì. Omi inú ti ọ̀tún lè ga kí ti òsì má ga. Ṣùgbọ́n nínú àtẹ nọ́ńbà tí ẹ tẹ̀, láti ìbẹ̀wò kejì lọ, ọ̀tún àti òsì bára mu délẹ̀, lára gbogbo wọn. Àbí ìbejì ni wọ́n ń bí ojú níbẹ̀ ni?"

Ìyá Tún-un-kà fa jọ́nà náà sọ́dọ̀. Ó ti ń wá ojú ìwé náà.

"Ẹ má bínú sí àwàdà mi," ni dókítà náà wí. "Mo ti kán oògùn yìí sójú àwọn aláìsàn mi, mà. Obìnrin kan nínú wọn máa ń juwọ́ sí mi láti ẹnu ọ̀nà tẹ́lẹ̀. Báyìí, àfi kí n sọ̀rọ̀ kó tó mọ̀ pé èmi ni."

Ìyá Tún-un-kà fi ìka tọ àtẹ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó gbé fóònù kalẹ̀, fáànù ń ké lórí rẹ̀, ó sì jókòó bí ẹni tí wọ́n bá nínú ilé onílé.

Òfin jọ́nà ò ṣòro lóye. Bí ìfura bá dé, kí olóòtú bi gbogbo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kan iṣẹ́ náà, kó tó sọ ohunkóhun síta. Ó kọ́kọ́ pe ilé Baba Ojú. Ìyàwó ilé ló gbé e.

"Wọ́n ń sinmi, ọmọ mi. Wọ́n ní kí n má fún ẹnikẹ́ni ní fóònù."

Ó wá ránṣẹ́ sí ọ̀dọ́bìnrin tí orúkọ rẹ̀ tẹ̀ lé ti Baba Ojú lórí àpilẹ̀kọ náà. Dókítà Kékeré ni wọ́n ń pè é nílé ìwòsàn, kì í ṣe nítorí gíga, nítorí pé òun ló kéré jù lọ́jọ́ orí níbẹ̀. Ó wá, ó jókòó sórí àga tó ń mì, ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ orúnkún.

"Ta ló kọ àwọn nọ́ńbà ìbẹ̀wò kejì yìí?"

Dókítà Kékeré wolẹ̀. "Àwọn ló kọ ọ́, mà."

"Níbo?"

"Nínú yàrá tí wọ́n ti ń wojú. Mo sọ fún wọn pé ó jọra jù. Wọ́n bi mí pé ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ àwọn níṣẹ́ ni."

"Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ sí ọ, ìwọ tó o jẹ́ dókítà?"

"Wọ́n sọ ọ́, mà. Ta ni mo jẹ́? Wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo fi í sílẹ̀."

Ìyá Tún-un-kà mirí. Ó mọ yàrá náà. Nọ́ọ̀sì méjì ló wà níbẹ̀, obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Adúmáadán àti ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Má-fòyà, nítorí "má fòyà" ló máa ń sọ bó bá ti fẹ́ kán oògùn sójú èèyàn. Àwọn méjèèjì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì tó ti pẹ́ kì í ka dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí. Ọ̀rọ̀ náà wọ ara wọn bí ọwọ́ ṣe ń wọ ìbọ̀wọ́.

Mo fẹ́ sọ òótọ́ ibẹ̀ bó ṣe rí. Ara tù ú. Láti ọjọ́ tí fóònù ti dún, orúkọ kan ló ti ń yí lọ́kàn rẹ̀ tí kò jẹ́ kó dé ètè. Nígbà tó wá gbọ́ "àwọn", tó sì rí ẹni méjì tó ba ọ̀rọ̀ náà mu, ìtura yẹn ló di í létí. Obìnrin tó ń tún kọ́mà kà kò tún gbólóhùn Dókítà Kékeré gbọ́.

Ó kọ̀wé sí ọ̀gá ilé ìwòsàn. Ó tẹ ìkéde kékeré kan sínú jọ́nà pé àwọn nọ́ọ̀sì tó wo ojú ni àṣìṣe ti ọ̀dọ̀ wọn wá, pé wọ́n ń tún iṣẹ́ náà yẹ̀ wò. Kí tàdáwà ibẹ̀ tó gbẹ, wọ́n ti ní kí Adúmáadán àti Má-fòyà lọ jókòó sílé. Dókítà Kékeré kò sí nítòsí. Wọ́n ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn abúlé kan, níbi tí kò ti mọ ohun tó ń lọ.

Má-fòyà ló gun àtẹ̀gùn wá. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́, aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàsán, mà. Èmi ni wọ́n ń pè ní Má-fòyà. Ẹ ò mọ̀ mí."

"Mi ò mọ̀ yín, sà."

"Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyẹn. Ẹ ò mọ̀ mí, ẹ sì mọ ohun tí mo ṣe."

"Ẹ jókòó."

"Ẹ jẹ́ kí n dúró. Jíjókòó ni wọ́n ní kí n máa ṣe nílé láti ọjọ́ yìí, ó ti sú ìdí mi."

Kò rẹ́rìn-ín, obìnrin náà ò sì lè rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi obìnrin mú ìwé yín wálé," ni Má-fòyà wí. "Ó ní, 'Bàbá, ṣé ẹ̀yin ni wọ́n ń sọ níbí?' Mo ní èmi kọ́. Ó ní, 'Ṣùgbọ́n ó wà nínú ìwé.' Kí ni kí n sọ fún un, mà? Kí n ní ìwé ń purọ́? Èmi tí mo ní kó lọ kàwé?"

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ nọ́ńbà wọ̀nyẹn?"

Má-fòyà ní, "Ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Ó kàn pẹ́ kó tó dé." Ó yíjú, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń fọwọ́ kan ògiri bí ó ti ń lọ.

Ìyá Tún-un-kà pe abúlé náà títí Dókítà Kékeré fi gbé fóònù.

"Lọ́jọ́ tó o wá, o ní àwọn ló kọ ọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì, àbí?"

"Àwọn nọ́ọ̀sì kẹ̀, mà? Báwo ló ṣe máa jẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì? Baba ni."

"O ní àwọn."

"Ẹ̀n, mà. Baba. Ṣé kí n wá jókòó síwájú yín kí n máa pe Baba ní 'òun' ni?"

Ẹ gbà mí láyè kí n sọ ọ̀rọ̀ kan níbí, nítorí mo ti ronú lé e ju ọ̀jọ̀gbọ́n kankan lọ. Èdè wa dára, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ inú rẹ̀ a máa sọ ẹnìkan di ogunlọ́gọ̀. Ẹni tó bá tóbi tó, a óò fi "àwọn" bò ó, ọ̀rọ̀ yóò sì máa wá ẹni tí yóò gbé e kiri. Ó ṣòro kó bá ẹni ńlá. Ẹni tó súnmọ́ ilẹ̀ ló máa ń bá.

Ó lọ sílé Baba Ojú láìpè. Kọ́tìnnì wà nílẹ̀ lójú ọ̀sán gangan. Baba Ojú jókòó sórí àga ìrọ̀gbọ̀kú, rédíò ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kú ìsinmi, sà."

"Tún-un-kà ni. Mo mọ ẹsẹ̀ rẹ." Ó na ọwọ́ sí ìkòkò tíì, ó ń rọ ọ́ fún un. Tíì náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀pù, ó ń ṣàn lórí tábìlì. Ìyàwó rẹ̀ dìde, ó nù ún láìsọ̀rọ̀, bí ohun tó ti mọ́ ọn lára.

Ìyá Tún-un-kà wo tábìlì tó tutù náà. Gbogbo ohun tó fẹ́ bi í ti dáhùn ara wọn.

"Láti ìgbà wo, sà?"

"Ti òsì ti kú tipẹ́. Ti ọ̀tún ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀." Ó gbé ìkòkò náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. "Nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀rọ tí a fi ń wojú, wínníwínní ni. Mo máa ń tiraka ka ti ojú ọ̀tún aláìsàn. Bí mo bá fi máa kà á tán, omi ti kún ojú mi. Mo bá ń kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

"Má-fòyà wà níbẹ̀. Ẹ ò ṣe ní kó bá yín kà á?"

"Kí Baba Ojú ní kí wọ́n bá òun fojú kàwé? Níwájú aláìsàn tó wá wojú?"

"Oògùn náà ńkọ́, sà?"

Ó fi ìka nu ojú ọ̀tún. "Mo ń kán an. Àárọ̀, alẹ́. Mo fẹ́ kó ṣiṣẹ́."

"Kò ṣiṣẹ́, sà. Àwọn kan ń kán an síbẹ̀, nítorí wọ́n rí i nínú ìwé wa. Àwọn méjì sì wà nílé tí wọ́n ń ru ẹrù yín."

"Ìwọ lo gbé e rù wọ́n."

"Èmi ni, sà. Mo máa kọ ìyẹn náà."

Baba Ojú pa rédíò. "Fi mí sílẹ̀ kí n kú ná. Kò ní pẹ́. Lẹ́yìn náà, kọ ohun tó bá wù ọ́."

"Ojú wọn ò lè dúró dè yín, sà."

"Jáde nílé mi."

Ó jáde. Àwọn tó rí i lójú pópó ní ó rìn kọjá ilé ara rẹ̀ láìmọ̀, ó rìn títí ó fi dé ibi tí ọ̀dà parí sí, kó tó yíjú padà. Nílé, ọkọ rẹ̀ wo ojú rẹ̀, kò béèrè nǹkan kan, ó kàn gbé àga fún un.

Ó kọ ìkéde náà, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Èyí kì í ṣe ìkéde kékeré mọ́. Ó ń fa àpilẹ̀kọ náà yọ pátápátá, ó sì sọ ìdí. Òfin ní kí ẹni tí wọ́n fẹ́ fa iṣẹ́ rẹ̀ yọ gbọ́ ohun tí wọ́n kọ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn, ì bá fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kà á fún un? Ó padà lọ.

Ìyàwó ilé jẹ́ kó wọlé. Baba Ojú kò kí i. Ìyá Tún-un-kà dúró, ó ń kà á bí ọmọ tí wọ́n pè síwájú kíláàsì.

"'A fa àpilẹ̀kọ yìí yọ. Kí dókítà kankan má ṣe fi oògùn náà tọ́jú ènìyàn nítorí rẹ̀. Láti ìbẹ̀wò kejì lọ, iye ojú ọ̀tún ni wọ́n kọ fún ojú òsì, nítorí wọn kò rí ẹ̀rọ náà dáadáa mọ́...'"

"Àwọn ta ni?"

Ó tún wo ìlà náà.

"Mo ní àwọn ta ni, Tún-un-kà?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ẹnìkan ni mí. Àwọn tó máa kà á, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe àwọn nọ́ọ̀sì yẹn lo tún ń bá wí?" Ohùn rẹ̀ le. "Kọ orúkọ mi. Lẹ́yìn rẹ̀, kọ 'ó'. Ó kọ ọ́. Kò rí i. Ó sì dákẹ́."

"Mi ò lè kọ 'ó' fún yín, sà."

"Nígbà náà, fi iṣẹ́ olóòtú sílẹ̀ fún ẹni tó lè kọ ọ́."

Ó fi gègé fagi lé "wọ́n" kọ̀ọ̀kan, ó kọ "ó" sórí rẹ̀, omi ojú rẹ̀ sì ń kán sórí tàdáwà. Ó tún kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ka apá ìsàlẹ̀ pẹ̀lú, níbi tó ti kọ ọ́ pé àwọn nọ́ọ̀sì méjì náà kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀, pé olóòtú ló dá wọn lẹ́bi láìbi wọ́n léèrè, àti pé olóòtú náà ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn.

"Ó tọ́," ni Baba Ojú wí. "Tẹ̀ ẹ́. Má wá síbí mọ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ariwo sọ ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí Baba Ojú ti ń kọ́ni. Ẹ gbọ́ ohun tó dùn mí níbẹ̀: ọ̀pọ̀ wọn kò sọ̀rọ̀ nípa oògùn, wọn kò sọ̀rọ̀ nípa ojú ẹnikẹ́ni. "Obìnrin tó pe Baba ní 'ó'" ni wọ́n ń pè é lọ́dẹ̀dẹ̀. Àwọn tí Baba Ojú kọ́ níṣẹ́ kọ̀ láti fi àpilẹ̀kọ ránṣẹ́ sí i fún ìgbà pípẹ́, pẹpẹ ìwé rẹ̀ sì fúyẹ́ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni ẹni tó ní kí òun kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Dókítà tó pè é lórí fóònù tún pè, ó ní òun ti rí i, òun ti gba oògùn náà lọ́wọ́ àwọn aláìsàn òun. Ìyá Tún-un-kà bi í nípa obìnrin tó máa ń juwọ́. Dókítà náà ní kò burú sí i mọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ti lọ kò padà.

Ilé ìwòsàn pe àwọn nọ́ọ̀sì méjì padà. Adúmáadán kò padà. Ó ní ibi tí wọ́n ti lè gba irú rẹ̀ gbọ́ nípa òun láìbi òun, ilé òun kọ́ nìyẹn mọ́; ó lọ ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Ìyá Tún-un-kà wá a lọ síbẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́. Adúmáadán gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, ó fún un lómi mu, kò sì sọ pé òun dárí jì í. Baba Ojú kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e, kò rí ìmọ́lẹ̀ kankan mọ́. Láàárín ìgbà yẹn, Ìyá Tún-un-kà kan ilẹ̀kùn rẹ̀ nígbà púpọ̀, wọn ò ṣí i fún un.

Má-fòyà padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ṣe é títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó wà láàyè. Ilé rẹ̀ ló kọjú sí ẹ̀yìn ilé ìwòsàn, èyí tó ní géètì aláwọ̀ ewé. Ọ̀sán ni kí ẹ lọ, ó máa ń sùn láàárọ̀. Ẹ bi í. Bó bá sọ fún yín pé kò rí mi lọ́ọ́fíìsì obìnrin náà lọ́jọ́ tó gun àtẹ̀gùn, òótọ́ ló sọ, n kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tí mo ní ó sọ fún un, kí ẹ sì wo ojú rẹ̀ bí ẹ ti ń kà á.